ORÍ KEJE: Àyẹ̀wò Àfiyèsí Ojú àti Títún Un Kọ́ Lẹ́yìn Àrùn Rọpárọsẹ̀

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

1. ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú tí kò ríran àti àfiyèsí tí kò lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan;
2. sọ ìdí tí ìpalára ọpọlọ apá ọ̀tún fi ń fa ìṣòro yìí ju ti apá òsì lọ;
3. ṣe àwọn ìdánwò orí ìwé, kó sì ṣírò èsì wọn;
4. fi ìgbé ayé ojoojúmọ́ aláìsàn yẹ ohun tí ìwé fi hàn wò;
5. yan ọ̀nà ìtúnkọ́ tó bá aláìsàn mu, kó sì mọ bí ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó.

7.1 Ojú ríran, àfiyèsí kò lọ

Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ bá dí tàbí tó bẹ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò farapa. Èyí ni àrùn rọpárọsẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí kò ṣeé gbé, ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti ọ̀rọ̀ tí kò já geere. Ìṣòro mìíràn wà tí kì í tètè hàn. Aláìsàn á jẹ àmàlà tó wà lápá ọ̀tún àwo, á fi ti apá òsì sílẹ̀, á sì ní kí wọ́n tún bù sí i. Á fá irùngbọ̀n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á gbàgbé ti òsì. Ọmọ rẹ̀ á dúró lápá òsì ibùsùn kí i, kò ní dáhùn. Bí ọmọ náà bá yí lọ sí ọ̀tún, inú baba á dùn pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn ará ilé lè rò pé ó ń bínú, tàbí pé iyè rẹ̀ ti rá, tàbí pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nínú ìwé yìí, àìfiyèsí ẹ̀gbẹ́ kan ni a ó máa pe ìṣòro náà. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, onílé ni kò yọjú níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń wọ ojú, ìròyìn ń dé ọpọlọ, ṣùgbọ́n apá ọpọlọ tó yẹ kó darí àfiyèsí sí òsì kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́.

Ẹ̀rí pé kì í ṣe ọ̀ràn ojú pọ̀. Lọ́dún 1941, Russell Brain, oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ròyìn àwọn aláìsàn mẹ́ta tí ọpọlọ wọn apá ọ̀tún ti farapa gidigidi. Wọ́n a máa ṣìnà nínú ilé tí wọ́n mọ̀ dunjú, torí ọ̀tún ni wọ́n ń yà níbi tó yẹ kí wọ́n ti ya òsì. Ní 1978, Edoardo Bisiach àti Claudio Luzzatti ní kí aláìsàn méjì nílùú Milan fojú inú wo gbàgede tó wà níwájú kàtídírà ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n rò ó bí ẹni pé wọ́n kọjú sí kàtídírà, àwọn ilé apá ọ̀tún ni wọ́n ń dárúkọ. Nígbà tí wọ́n rò ó bí ẹni pé wọ́n kẹ̀yìn sí kàtídírà, àwọn ilé tí wọ́n ti fò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń kà, wọ́n sì fi àwọn tí wọ́n ti kà sílẹ̀. Kò sí ohun kankan níwájú ojú wọn lákòókò yẹn; inú ọkàn ni òsì ti sọnù.

Ìròyìn kan tún wà láti ọ̀dọ̀ John Marshall àti Peter Halligan, ọdún 1988. Wọ́n fi àwòrán ilé méjì han obìnrin kan. Ilé méjèèjì jọra, àfi pé iná ń jó lápá òsì ọ̀kan. Obìnrin náà ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í léraléra pé èwo ni yóò fẹ́ gbé, èyí tí kò jóná ló sábà ń yàn, láìmọ ìdí. Ìròyìn apá òsì dé ọpọlọ rẹ̀, kò kàn dé ìmọ̀ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ìtúnkọ́ fi ṣeé ṣe: ohun tí a fẹ́ kí aláìsàn máa kíyè sí kò tíì pa rẹ́ fún ọpọlọ rẹ̀.

7.2 Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Michael Posner àti Steven Petersen (1990) pín iṣẹ́ àfiyèsí sí mẹ́ta: wíwà lójúfò, dídarí ọkàn síbi tí nǹkan wà, àti yíyan ohun kan láàárín ọ̀pọ̀. Rọpárọsẹ̀ lè ba èyíkéyìí jẹ́. Nínú àìfiyèsí ẹ̀gbẹ́ kan, ìkejì ló bàjẹ́ jù, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ kì í sábà wà láìfarapa. Aláìsàn tí oorun ń kùn, tó tètè ń rẹ̀, á máa pàdánù òsì ju ẹni tí ara rẹ̀ ji lọ. Nítorí náà, àkókò tí a ṣe ìdánwò lè yí èsì rẹ̀ padà; kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà gbogbo.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òsì ló sábà ń sọnù? Àlàyé Kenneth Heilman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù. Ọpọlọ apá òsì ń bójú tó ọ̀tún nìkan, àmọ́ ọpọlọ apá ọ̀tún ń bójú tó ọ̀tún àti òsì. Bí ọpọlọ apá òsì bá farapa, apá ọ̀tún ṣì lè bá a bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ti ọ̀tún bá farapa, kò sẹ́ni tí yóò bójú tó òsì. Marcel Kinsbourne fi kún un pé ìlàjì ọpọlọ méjèèjì ń bára wọn díje: ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa àfiyèsí sí ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọ́, bí ọ̀kan bá sì rọ, èkejì á fà á kọjá ààlà. Èyí ló jẹ́ kí orí àti ojú aláìsàn máa yí sí ọ̀tún ṣáá ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́.

Ibi tí ìpalára sábà máa ń wà ni agbègbè òkè ẹ̀yìn etí ọ̀tún, níbi tí parietal lobe àti temporal lobe ti pàdé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àárín ọpọlọ ló ń bọ́ agbègbè yìí, ó sì wà lára àwọn iṣan tí rọpárọsẹ̀ máa ń dí jù lọ.

Àyè tí aláìsàn ń pàdánù kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: ara òun fúnra rẹ̀ (irun tí kò yà, apá aṣọ tí kò wọ̀), ibi tí ọwọ́ lè tó (àwo oúnjẹ, ìwé), àti ọ̀nà jíjìn (ẹnu ọ̀nà, ojú títì). Ní 1991, Halligan àti Marshall rí ọkùnrin kan tí kò lè rí àárín ìlà tó wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n tó ṣe dáadáa nígbà tí ìlà wà lọ́nà jíjìn. Ìdánwò orí ìwé ń wo àyè kejì nìkan. Ẹni tó bá gbára lé e yóò pàdánù àyè méjì yòókù.

7.3 Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀

Kọ́kọ́ yẹ ojú wò. Ǹjẹ́ aláìsàn ń lo awò ojú kó tó ṣàìsàn? Ṣé ó wọ̀ ọ́ báyìí? Ǹjẹ́ ó ní ojú pípọ́n tàbí glaucoma? Àrùn glaucoma wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wọlé, nítorí náà ó lè da olùyẹ̀wò rú. Béèrè bí aláìsàn ti gbọ́ àṣẹ sí, àti bóyá ó lè jókòó láìṣubú. Rí i dájú pé ìmọ́lẹ̀ tó.

Lẹ́yìn èyí, ya àìfiyèsí ẹ̀gbẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìpàdánù ìdajì àyè ìríran. Ìṣòro méjèèjì lè wà lára ẹni kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn yàtọ̀.

| Ohun tí à ń wò | Ìpàdánù ìdajì àyè ìríran | Àìfiyèsí ẹ̀gbẹ́ kan |
|---|---|---|
| Ibi ìpalára | Ẹ̀yìn ọpọlọ, tàbí ọ̀nà tí ìròyìn ojú ń gbà débẹ̀ | Ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, pàápàá apá ọ̀tún |
| Ǹjẹ́ aláìsàn mọ̀? | Ó sábà máa ń mọ̀, a sì máa ṣàròyé | Kò sábà mọ̀. Ó lè bá ọ jiyàn |
| Ìṣesí rẹ̀ | A máa yí orí síbi tí kò hàn | Kì í yí síbẹ̀ fúnra rẹ̀ |
| Pípín ìlà sí méjì | Àmì sábà ń sún síhà ibi tí kò hàn | Àmì ń sún síhà ọ̀tún |
| Bí a bá pe àfiyèsí rẹ̀ síbẹ̀ | Ìpè nìkan kò mú ìríran padà | Ó lè wá rí i |

Ìdánwò ìka ọwọ́ yára, kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Jókòó kojú aláìsàn, ní kó tẹjú mọ́ imú rẹ. Na ọwọ́ rẹ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí o mi ìka kan lápá òsì rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà lápá ọ̀tún nìkan, lẹ́yìn náà lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó rí ìka òsì nígbà tó dá wà, ṣùgbọ́n tí kò rí i mọ́ nígbà tí ti ọ̀tún bá a díje, ojú rẹ̀ kò fọ́. Àfiyèsí rẹ̀ ni ọ̀tún gbà mọ́ òsì lọ́wọ́.

7.4 Ìdánwò orí ìwé

Òfin mẹ́ta kan gbogbo wọn. Àárín ìwé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àárín àyà aláìsàn, kí a sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì kó má bàa sún un. Olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ jókòó sí iwájú, kó má jókòó sápá ọ̀tún tàbí apá òsì, nítorí wíwà rẹ̀ ń fa ojú. A kì í sọ fún aláìsàn pé "ẹ tún wo òsì" nígbà tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́. Ìtúnkọ́ nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò.

*(i) Pípín ìlà sí méjì.* Fa ìlà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí o ní kí aláìsàn fi àmì sí àárín rẹ̀. Wọn ibi tí àmì wà láti òpin òsì, yọ ìdajì ìlà kúrò nínú rẹ̀, pín in pẹ̀lú ìdajì ìlà, kí o sì sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Bí àmì bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 13, (13 − 10) ÷ 10 × 100 = 30. Àmì náà ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sún sí ọ̀tún. Àwọn tí ara wọn dá náà máa ń ṣàṣìṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n síhà òsì ni tiwọn sábà máa ń jẹ́. Lo ìlà tó pọ̀, má lo ẹyọ kan.

*(ii) Fífagi lé.* Martin Albert gbé irú èyí tó rọrùn jù jáde ní 1973: ìlà kéékèèké tó fọ́n ká orí ìwé, tí aláìsàn yóò fagi lé gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni ìdánwò ìràwọ̀, tó wà nínú àkójọ ìdánwò tí Barbara Wilson, Janet Cockburn àti Peter Halligan tẹ̀ jáde ní 1987. Ìràwọ̀ kékeré 56 ló wà níbẹ̀, wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ ìràwọ̀ ńlá 52, lẹ́tà 13 àti ọ̀rọ̀ kúkúrú 10. Olùyẹ̀wò á fi ìràwọ̀ kékeré méjì tó wà láàárín ṣe àpẹẹrẹ, 54 ló sì ṣẹ́ kù fún máàkì, 27 lápá kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń sọ ọ́ fún àgbàlagbà nìyí:

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìràwọ̀ ńláńlá àti kéékèèké ló wà lórí ìwé yìí. Àwọn kéékèèké nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ fagi lé, bí mo ti ṣe méjì yìí. Ẹ má kánjú. Bí ẹ bá ti rò pé ẹ ti parí, ẹ sọ fún mi."

Má wo àpapọ̀ nìkan. Pín iye tó fagi lé lápá òsì pẹ̀lú àpapọ̀ gbogbo èyí tó fagi lé. Ẹni tó ṣe 9 lápá òsì àti 27 lápá ọ̀tún ní 9 ÷ 36 = 0.25. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba, èsì á súnmọ́ 0.5. Ẹni tó fo ìràwọ̀ káàkiri láìyan ẹ̀gbẹ́ lè gba máàkì kékeré, síbẹ̀ kí èsì rẹ̀ jẹ́ 0.5, ìwàlójúfò ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe òsì.

Ìdánwò agogo (Gauthier, Dehaut àti Joanette, 1989) ní agogo 35 láàárín àwòrán mìíràn 280. Ẹni tó bá fo ju mẹ́ta lọ nílò àyẹ̀wò síwájú sí i. Ohun tó dára jù nípa rẹ̀ ni pé olùyẹ̀wò máa ń kọ bí agogo ṣe tẹ̀ léra sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé kà lọ́nà tiwa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òsì. Aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún pátápátá, kódà kó rí gbogbo agogo níkẹyìn, ti fi nǹkan hàn ọ́.

*(iii) Yíyàwòrán.* Ní kó ya aago, òdòdó tàbí ilé. Nọ́ńbà 1 sí 12 lè kó ara wọn jọ sápá ọ̀tún aago. Anton Räderscheidt, ayàwòrán ará Jámánì tí rọpárọsẹ̀ kọlù lọ́dún 1967, ya ojú ara rẹ̀ léraléra lẹ́yìn àìsàn náà. Nínú àwọn àkọ́kọ́, apá òsì bébà ṣófo. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, apá òsì ojú náà ń padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn àwòrán yẹn wà lára àkọsílẹ̀ tó ṣe kedere jù nípa bí ìṣòro yìí ṣe ń lọ sílẹ̀.

*(iv) Kíkàwé.* Aláìsàn lè bẹ̀rẹ̀ láti àárín ìlà, tàbí kó gé orí ọ̀rọ̀. Ní èdè Yorùbá, èyí fẹ́ àkíyèsí pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa tí a bá gé fáwẹ̀lì iwájú rẹ̀ ṣì lè dún bí ọ̀rọ̀ gidi: "ilé" á di "lé", "ọmọ" á di "mọ". Olùyẹ̀wò tí kò fi ìwé síwájú ara rẹ̀ lè máà gbọ́ àṣìṣe náà rárá.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé, pẹ́ńsù fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ìdènà. Ìdánwò Kerstin Tham àti Richard Tegnér (1996) bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu: igi kéékèèké 16 tó ní igun dídọ́gba ni aláìsàn yóò tò káàkiri pátákó kan, bí ẹni to búrẹ́dì sórí páànù kó tó gbé e sínú ààrò. Ẹni tí àìfiyèsí bá ń dà láàmú á kó gbogbo rẹ̀ jọ sápá ọ̀tún.

7.5 Kúrò lórí ìwé bọ́ sínú ilé

Aláìsàn lè yege nínú gbogbo ìdánwò òkè yìí, síbẹ̀ kó máa fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Orí ìwé, ohun kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, yàrá dákẹ́, àkókò sì pọ̀. Nínú ilé, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń sáré, rédíò ń ké. Ìdánwò máa ń tètè fi hàn pé ara ti yá ju bí ìgbé ayé ti fi hàn lọ.

Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n Catherine Bergego fi ṣe pàtàkì. Olùtọ́jú á wo ohun mẹ́wàá bí aláìsàn ti ń ṣe wọ́n gan-an: fífá irùngbọ̀n tàbí títọ́jú ojú, wíwọ apá aṣọ tàbí sálúbàtà òsì, jíjẹ oúnjẹ apá òsì àwo, nínu ẹnu lápá òsì lẹ́yìn oúnjẹ, wíwo òsì, rírántí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì, dídáhùn ẹni tó pè láti òsì, yíyẹra fún nǹkan tó wà lápá òsì, yíya òsì lójú ọ̀nà tó mọ̀, àti rírí ẹrù rẹ̀ tó wà lápá òsì. A ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 (kò sí ìṣòro) títí dé 3 (ìṣòro ńlá), àpapọ̀ sì jẹ́ 30. 1 sí 10 kò le púpọ̀, 11 sí 20 wà láàárín, 21 sí 30 le gan-an.

Aláìsàn náà á fún ara rẹ̀ ní máàkì. Yọ tirẹ̀ kúrò nínú ti olùtọ́jú. Bí olùtọ́jú bá kọ 19 tí aláìsàn kọ 4, 15 tó wà láàárín ni ìwọ̀n ohun tí aláìsàn kò mọ̀ nípa ara rẹ̀. Bí nọ́ńbà yìí bá ga, ìmọ̀ ni kí ìtọ́jú kọ́kọ́ lépa: ẹni tí kò gbà pé nǹkan sọnù kò ní wá a.

Fún ẹni tó fẹ́ padà wa ọkọ̀, ìdánwò kọ̀ǹpútà kan wà, Useful Field of View, tí Karlene Ball àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ó ń wọn ìṣẹ́jú-àáyá kékeré tí ènìyàn nílò láti mọ ohun tó wà láàárín ojú, láti mọ èyí tó wà láàárín àti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti láti ṣe èyí nígbà tí ohun ìdárúdàpọ̀ bá yí wọn ká. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò dípò ìdánwò ojú títì pẹ̀lú olùkọ́ ìwakọ̀.

7.6 Àwọn ọ̀nà ìtúnkọ́

Púpọ̀ nínú ìmúpadàbọ̀sípò máa ń wáyé láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àní láìsí ìtúnkọ́ pàtàkì. Ẹni tí tirẹ̀ kọjá àkókò yìí ló sábà máa ń nílò iṣẹ́ gígùn.

*Kíkọ́ ojú láti wá òsì.* Leonard Diller, Joseph Weinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1977, ọ̀nà wọn ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e. A ń gbà á ní ìpele:

1. Fa ìlà pupa tó nípọn sí etí òsì ìwé. Aláìsàn kò gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ kan títí yóò fi rí ìlà pupa.
2. Fi nọ́ńbà sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má bàa fò ó.
3. Jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, kí àyè wà láàárín wọn, kó máa kà díẹ̀díẹ̀.
4. Bó bá ti ń mọ̀ ọ́n, sọ ìlà pupa di tínínrín, lẹ́yìn náà yọ ọ́ kúrò, kó wá máa pa á láṣẹ fún ara rẹ̀ pé "òsì kọ́kọ́."
5. Gbé àṣà yìí kúrò lórí ìwé lọ sí àwo oúnjẹ, sí tábìlì, sí ẹnu ọ̀nà.

Ọpọ́n ayò ṣeé lò fún ìpele kẹta sí ìkarùn-ún. Ihò 12 ló ní, mẹ́fà lápá kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 48 sì ń yí gbogbo rẹ̀ ká. Bí ènìyàn ti ń ta á, ọmọ ayò ń lọ sí ọ̀tún ní ìlà tirẹ̀, á sì padà gba ìlà ẹnìkejì lọ sí òsì. Eré fúnra rẹ̀ ló ń fa ojú padà. Ní kí aláìsàn ka iye tó wà nínú ihò òsì pátápátá kó tó ta. Olùtọ́jú ló gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, torí aláìsàn tí kò rí ihò òsì kò ní mọ̀ pé òun pàdánù rẹ̀.

*Mímú ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́.* Ian Robertson àti Nigel North fi hàn ní 1992 pé bí aláìsàn bá mi ìka ọwọ́ òsì lápá òsì ara rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, àìfiyèsí á dín kù. Mímì ín lápá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín wa, àbùkù ni láti fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, nítorí náà àwọn ará ilé lè máa dá aláìsàn lẹ́kun, tàbí kí aláìsàn fúnra rẹ̀ máa tijú. Ṣàlàyé fún gbogbo wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ìtọ́jú ni, pé nínu tábìlì àti dídi àwo mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì kì í ṣe àfojúdi.

*Awò prism.* Yves Rossetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1998. Aláìsàn á wọ awò tó sún ohun gbogbo sí ọ̀tún ní díígírì 10. Bó bá nawọ́ sí àmì, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ bọ́ sápá ọ̀tún àmì náà. Lẹ́yìn nínawọ́ bí 50, ọpọlọ á ti ṣàtúnṣe. Bí a bá bọ́ awò náà, ọwọ́ á wá máa yẹ̀ sí òsì, àfiyèsí náà á sì tẹ̀ lé e. Nínú ìwádìí àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn wákàtí méjì. Àwọn mìíràn ti ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

*Jíjí ìwàlójúfò.* Ní 1998, Robertson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ìró ìkìlọ̀ tó dún díẹ̀ ṣáájú àwòrán lè mú àfiyèsí òsì sunwọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Lójú iṣẹ́, olùtọ́jú á máa gbá tábìlì láìròtẹ́lẹ̀, á sì pàṣẹ ìfiyèsí. Tó bá yá, aláìsàn á máa gbá a fúnra rẹ̀, á máa sọ ọ́ síta, nígbẹ̀yìn á máa sọ ọ́ sínú.

7.7 Báwo ni ẹ̀rí ti lágbára tó?

Ní 1990, Robertson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ìtúnkọ́ orí kọ̀ǹpútà wò, wọ́n sì pín aláìsàn sí ọ̀wọ́ méjì láìṣojúsàájú. Ọ̀wọ́ tó gba ìtúnkọ́ kò sàn ju èkejì lọ. Ní 2003, Barbara Mazer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi Useful Field of View kọ́ àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ padà wa ọkọ̀. Ènìyàn 97 ni wọ́n pín sí méjì: ọ̀wọ́ kan gba ìtúnkọ́ náà nígbà 20, ọ̀wọ́ kejì ṣe eré kọ̀ǹpútà mìíràn fún iye ìgbà kan náà. Nígbà tí gbogbo wọn dé ojú títì, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. Nínú àwọn tí ọpọlọ wọn apá ọ̀tún farapa, ìdá 52.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege nínú àwọn tó gba ìtúnkọ́, tí 28.6 sì yege nínú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó láti fi ṣe ìdájọ́.

Àtúnyẹ̀wò Cochrane ti ọdún 2021 kó ìwádìí 65 jọ, tí ènìyàn 1,951 kópa nínú wọn, nípa gbogbo irú ọ̀nà tí a kà sókè yìí. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé kò tíì sí èyí tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń mú ìgbé ayé ojoojúmọ́ sàn fún ìgbà pípẹ́. Èyí kò sọ pé kí a fi aláìsàn sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gba ìtọ́jú ìmúpadàbọ̀sípò, kí a sì máa wádìí sí i.

Ohun tí oníṣẹ́ yóò mú níbẹ̀ nìyí: ohun tí a kọ́ lórí ìwé tàbí kọ̀ǹpútà kì í dá rin ìrìn-àjò dé ilé ìdáná. Bí a bá fẹ́ kí aláìsàn máa wo òsì àwo rẹ̀, àwo la ó fi kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ojú títì, ojú títì ni.

7.8 Ilé àti títì

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, gbé ohun tó pọn dandan (omi, fóònù, agogo ìpè) sápá ọ̀tún, kí ewu má bàa wà. Bí ìtúnkọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, máa gbé ohun tí aláìsàn fẹ́ràn lọ sí òsì díẹ̀díẹ̀, kí àlejò jókòó sápá òsì, kí wọ́n sì pe orúkọ tàbí oríkì rẹ̀ láti ibẹ̀ kó lè yíjú. Fi téèpù aláwọ̀ pupa lẹ etí òsì tábìlì àti férémù ilẹ̀kùn. Kọ́ ẹnìkan nínú ilé láti máa kún òṣùwọ̀n Bergego lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìrékọjá títì fẹ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà, nítorí náà láti òsì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń bọ̀ wá bá ẹni tó fẹ́ sọdá. Apá tí aláìsàn kò kíyè sí gan-an ni ewu ti kọ́kọ́ ń wá, ká má tíì sọ ti ọ̀kadà tó ń sá lòdì sí ọ̀nà. Ní ìlú London, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà, nítorí náà láti ọ̀tún ni ti àkọ́kọ́ ti ń bọ̀. Àárín títì ni ewu òsì ti ń dé bá a. Olùtọ́jú tó ń kọ́ aláìsàn fún ìlú kan kò gbọdọ̀ fi àṣẹ tí ìlú kejì ń tẹ̀ lé kọ́ ọ.

Àkópọ̀

- Àìfiyèsí ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣe àìríran. Ìpalára ọpọlọ apá ọ̀tún ló sábà ń fà á, òsì ló sì ń sọnù jù.
- Kò sí ìdánwò kan tó tó: lo ìdánwò orí ìwé bíi méjì tàbí mẹ́ta, kí o sì wo aláìsàn bó ti ń jẹun, tó ń wọṣọ, tó ń rìn.
- Ìyàtọ̀ láàárín máàkì olùtọ́jú àti ti aláìsàn ń fi hàn bó ti mọ ìṣòro rẹ̀ tó.
- Ìtúnkọ́ gbọ́dọ̀ wáyé níbi tí a ti fẹ́ rí èsì rẹ̀.

Ìdánrawò

1. Aláìsàn kan fi àmì sí sẹ̀ǹtímítà 13.5 lórí ìlà sẹ̀ǹtímítà 20. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló fi sún, síhà wo sì ni?
2. Nínú ìdánwò ìràwọ̀, bàbá kan fagi lé 18 lápá òsì àti 26 lápá ọ̀tún. Ṣírò èsì rẹ̀. Kí ni o máa béèrè kí o tó ṣe ìdájọ́?
3. Obìnrin kan mọ̀ pé òun kò rí apá òsì, ó máa ń yí orí síbẹ̀, àmì rẹ̀ lórí ìlà sì sún sí òsì. Ìṣòro wo lo rò pé ó ní? Sọ ìdí mẹ́ta.
4. Awakọ̀ kan yege nínú gbogbo ìdánwò orí ìwé lóṣù mẹ́rin lẹ́yìn àìsàn. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá àga, àmọ́ ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àyẹ̀wò wo ló kù, ta ni yóò sì ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan?
5. Ya àwòrán ilé aláìsàn kan tí o mọ̀, láìdárúkọ rẹ̀. Fi hàn ibi márùn-ún tí ìwọ yóò ti kọ́ ọ láti wá òsì, bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn títí dé ojú títì, kí o sì kọ ohun tí ẹnìkan nínú ilé yóò máa ṣe níbi kọ̀ọ̀kan.